Ẹ̀jẹ̀ Màmá tó gba Mile 12 kọjá

Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láàbù ní Ìkòròdú níbí, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ojú àwọn tí mò ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Sáńpù á dé, nọ́ńbà á wà lára ẹ̀, orúkọ àti ọjọ́ orí á wà níbẹ̀, màá ṣe é, màá tẹ èsì jáde, ó tán. Ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ yẹn lè wà nílé tó ń fọ abọ́, ó sì lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti fi ọ́síjìn sí i nímú, ìgò ẹ̀jẹ̀ méjèèjì ò ní yàtọ̀ síra lọ́wọ́ mi. Mo ti gbà tẹ́lẹ̀ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Àfi ìgbà tó kan Màmá Ìgbógbó.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, àwa ọmọ ilé la sọ ọ́ ní Màmá Ìgbógbó torí pé Ìgbógbó ló ń gbé, ó ń ta gààrí àti ẹ̀pà níwájú ilé ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Bàtà tuntun tó wọ̀ lọ síbi ìnáwó kan ló bó o ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún, egbò tí kò ju èékánná ọmọdé lọ, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àdín ló ń fi pa á. Ìtọ̀ ṣúgà kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìrora dáadáa, ìyẹn ni wàhálà ẹ̀, egbò ń jẹra lọ nínú, òun ò mọ̀ ọ́n lára. Kí ọmọ ẹ̀ obìnrin tó gbọ́ òórùn ẹ̀, ara Màmá ti ń gbóná, ó ti ń gbọ̀n, ó ti ń mí gúlegúle, ó wá ń fi orúkọ ìyá mi tó ti kú pè mí. Ìyẹn dẹ́rù bà mí ju egbò lọ. Tí àìsàn ẹsẹ̀ bá ti dé ibi tí èèyàn ò dá ọmọ ẹ̀ mọ̀ mọ́, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nìyẹn, gbogbo ara ló ti gbé ìjà kò ó, ara náà sì ti ń ṣe ara ẹ̀ léṣe níbi tó ti ń jà. Sepsis ni àwọn dókítà ń pè é.

A gbé e lọ sí ọsibítù aládàáni kan tó sún mọ́ wa. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni irú nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí ti ń ṣẹlẹ̀, ó lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi. Wọ́n gbìyànjú o, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò, wọ́n fi ọ́síjìn sí i, dókítà ọ̀dọ́ kan sì ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ fún oríṣiríṣi àyẹ̀wò, lactate wà lára ẹ̀, ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pọ̀ sí i tí ara bá wà nínú wàhálà. Wọn ò ní ẹ̀rọ lactate. Láàbù tí èmi wà náà ò ní. Ni ọmọ dispatch bá gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù ńlá kan lápá Ìkejà lọ́hùn-ún, èsì sì dé sórí WhatsApp lẹ́yìn Àsárì: lactate 6.1.

Àkọ́bí Màmá ló pè mí, Bọ̀dá mi ni mo máa ń pè é.

“Ìwọ lo mọ ìwé yìí. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbí yìí, kí ló ń sọ? Ṣé Mọ́mì máa là á?”

Mo ní, “Bọ̀dá mi, kò dáa sir. Tó bá ti ju 4 lọ, ẹ̀rù máa ń ba àwọn dókítà gan-an. Ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà.”

Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Nígbà tí mo fi máa dé ọsibítù lálẹ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Owó tí wọ́n ti ń dá jọ látàárọ̀ láti fi gbé Màmá lọ síbi tó ní ICU, wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, wọ́n ti dáwọ́ ẹ̀ dúró. Àǹtí kan nínú ẹbí ń sọ pé ẹ jẹ́ kó sinmi, ẹ má fi abẹ́rẹ́ dá a lóró mọ́. Ẹnì kan ti bi ọmọ ẹ̀ obìnrin léèrè bóyá aṣọ funfun wà nílé. Kò sí ẹni tó kórìíra Màmá nínú wọn o, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ gbogbo ẹ̀, ẹkún sì wà lójú wọn. Nọ́ńbà kan tí mo túmọ̀ lórí fóònù, tí kò gbà mí tó ìṣẹ́jú méjì, ni wọ́n gbé dúró lé lórí.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn láti ìgbà yẹn. Orúkọ kan náà la fi ń pe nǹkan méjì. Ẹni tó lọ gba ẹ̀jẹ̀ ní láàbù, àyẹ̀wò ló lọ ṣe. Ẹni tó lọ bá babaláwo, àbí tó lọ bá Àfáà tó ń tẹ yanrìn, àyẹ̀wò náà ló lọ ṣe. Torí náà tí èèyàn wa bá mú ìwé èsì dání, etí tí wọ́n fi ń gbọ́ ohun tí ọ̀la máa mú wá ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ, ṣé ire ni àbí ibi. Mùsùlùmí ni mí, mi ò kí ń lọ sídìí Ifá, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé babaláwo ò ní dá Ifá tán kó ní ibi ni, kó wá ká ọ̀pẹ̀lẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀ kó dìde. Ó máa sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i, ìyẹn gan-an ni èèyàn torí ẹ̀ lọ. Tiwa ní láàbù, nọ́ńbà á jáde, ìyókù ò sí. Èmi tó yẹ kí n sọ ìyókù fún Bọ̀dá mi, àdúrà ni mo ní ká máa gbà. Àdúrà dáa, mò ń gbà á títí dòní, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló bi mí.

Ẹ jẹ́ n sọ ìyókù yẹn báyìí, bí ì bá ṣe yẹ kí n sọ ọ́ fún un.

Ṣúgà ni ara ń sun láti fi rí agbára, bí a ṣe ń sun eédú láti fi dáná. Tí atẹ́gùn bá ráyè wọlé, eédú á jó dáadáa, tí atẹ́gùn ò bá tó, iná á kàn máa rú èéfín. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ò bá gbé ọ́síjìn dé ibi tó yẹ kó gbé e dé, ara ṣì máa sun ṣúgà, àmọ́ kò ní jó tán, ohun tó ṣẹ́ kù ni lactate. Ọ̀nà míì tún wà tó ń gbà pọ̀: tí ara bá wà nínú ìjà, omi ara kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline máa ń lé ṣúgà sínú iná ní eré ju bí iná ṣe lè jó o lọ, kódà níbi tí ọ́síjìn wà. Ẹ̀dọ̀ ló sì ń gbá lactate kúrò nílẹ̀, tí ẹ̀dọ̀ bá ti rẹ̀, á máa kó jọ. Ẹni ara ẹ̀ dá, lactate ẹ̀ kì í tó 2. Ẹ sáré lé bọ́ọ̀sì ní Sábó, tiyín náà á gòkè, ẹ jókòó fún ìgbà díẹ̀, á wálẹ̀. Lactate fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń pa èèyàn. Ó kàn ń ké pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ni.

Ó ti pẹ́ tó ti ń ké. Lọ́dún 1843, dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Johann Joseph Scherer rí lactic acid nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin kan tó ti kú, ibà tó ń mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ ló pa wọ́n. Sepsis ni ibà yẹn. Nígbà tí mo kà á, mi ò lè ka ìyókù fún ìgbà díẹ̀, torí pé àwọn tó bímọ, tí wọn ò rí ọmọ tọ́, ẹ̀jẹ̀ wọn ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún aráyé, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ wọn lónìí. Lọ́dún 1964 ní Amẹ́ríkà, Broder àti Weil wá fi hàn pé láàárín àwọn tó wà nínú shock, ìyẹn àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ò dé gbogbo ara wọn bó ṣe yẹ mọ́, bí lactate ṣe ń gòkè sí i ni iye àwọn tó ń yè é ń dín kù. Nígbà tó di 2016, àwọn àgbà dókítà láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jókòó, wọ́n ní ẹni tí sepsis mú, tí wọ́n ti fún lómi tó tó, tí BP ẹ̀ ò lè dúró láìsí oògùn, tí lactate ẹ̀ ṣì ju 2 lọ, septic shock nìyẹn, ó sì lé ní 40 nínú 100 irú wọn tó ń kú sí ọsibítù. Ibà ẹ̀fọn tiwa níbí náà, àjọ WHO ka lactate tó bá tó 5 mọ́ ara àmì pé ibà náà ti di èyí tó le.

Nínú 100, ó lé ní 40. Ẹ wò ó dáadáa. Ó túmọ̀ sí pé àwọn tó ń padà sílé lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60. Nọ́ńbà yẹn ò lè dá Màmá wa yọ láàárín wọn, kò mọ̀ bóyá ẹ̀yìn àwọn 40 ló tò sí àbí ẹ̀yìn àwọn 60. Iye èèyàn ló mọ̀, kò mọ orúkọ. Ó wúlò fún dókítà gan-an, á jẹ́ kó mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ sáré bá nínú àwọn mẹ́wàá tó wà níwájú ẹ̀, á jẹ́ kó mọ̀ pé màmá àgbà tó sùn jẹ́ẹ́ níbi ògiri lọ́hùn-ún le ju ọkùnrin tó ń pariwo lọ. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é nìyẹn. Ká wá mú un, ká fi sọ fún ọmọ pé kó lọ wá aṣọ funfun, a ti lò ó fún ohun tí kò lè ṣe.

Padà sí alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta wọ́ọ̀dù, mo wá ń wo èsì yẹn lórí fóònù Bọ̀dá mi, mo fẹ̀ ẹ́ kí ó tóbi, ojú mi bọ́ sórí aago méjì tí wọ́n máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Aago tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, 11:20. Aago tí ẹ̀jẹ̀ dé láàbù, 14:50. Wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀! Mo dìde lọ bá nọ́ọ̀sì.

“Sister, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀jẹ̀ Màmá tí ẹ gbà láàárọ̀, ìgò wo lẹ fà á sí?”

Ó ní olórí pupa ni, fluoride ti tán lọ́wọ́ àwọn.

“Ẹ gbé e sínú yìnyín?”

Ó wò mí. Kò sí yìnyín, kò sí iná látàárọ̀.

Ẹni tí kì í ṣe ti láàbù lè má mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹ̀jẹ̀ tó kúrò lára èèyàn ò tíì kú. Àwọn pupa inú ẹ̀jẹ̀ wà láàyè nínú ìgò, wọ́n ṣì ń jẹ ṣúgà tí wọ́n bá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní èlò tí wọ́n lè fi lo ọ́síjìn bíi ti àwọn ẹ̀yà ara yòókù, lactate nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Bí oòrùn bá ṣe mú tó ni wọ́n á ṣe máa ṣe é yára tó. Ìdí nìyẹn tí ìgò olórí eérú fi wà, oògùn fluoride inú ẹ̀ máa ń dá wọn lọ́wọ́ kọ́, a sì máa ń rì í sínú yìnyín, ká tètè gbé e sórí ẹ̀rọ. Rọ́bà tí a fi ń so apá gan-an, tó bá pẹ́ jù lọ́wọ́, tàbí tí a ní kí aláìsàn máa di ẹ̀ṣẹ́ kó máa tú u, ó lè gbé e sókè. Ẹ̀jẹ̀ Màmá wà nínú ìgò olórí pupa, nínú àpótí dúdú ẹ̀yìn ọ̀kadà, láti Ìkòròdú dé Ọ̀gọ́lọ́ǹtọ́, dé Májídùn, gbogbo sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Mile 12, Kétu, Ojọ́ta, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e sórí ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n wọ̀n kúrò ní ti Màmá nìkan, ti ìrìn àjò ti wọ inú ẹ̀.

Mo lọ bá Bọ̀dá mi níta, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ títí.

“Ṣé ò ń sọ pé irọ́ ni ìwé pa ni?”

“Rárá sir. Ohun tí ìwé rí ló sọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ti wà nínú àpótí látàárọ̀ ló rí. Màmá ń ṣàìsàn gan-an o, Bọ̀dá mi, mi ò ní kí ẹ má bẹ̀rù, ojú wa la fi ń wo bó ṣe ń mí. Àmọ́ 6 yẹn, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lé e lórí. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti máa tún un ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn.”

Ó dákẹ́. Ó yọ fóònù ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó ti dáwọ́ owó dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí la kúrò, ká tó bá gósìlò pàdé.

Níbi tí a gbé e dé, ẹ̀rọ kékeré tó gba àtẹ́lẹwọ́, bíi èyí tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ìkán ẹ̀jẹ̀ kan, kò gbà tó ìṣẹ́jú kan. 2.9. Àárín èyí àti ti tẹ́lẹ̀, omi ti wọlé, oògùn ti ń ṣiṣẹ́ láti bíi wákàtí méjìdínlógún, ohun kan pọ̀ mọ́ ìkejì, ẹnikẹ́ni ò lè pín in kó ní iye báyìí ni ti oògùn, iye báyìí ni ti àpótí ọ̀kadà. Dókítà obìnrin tó gbà wá wọlé ò tiẹ̀ fi ti 6.1 ṣe nǹkan kan. Ohun tó sọ ni pé, “Wákàtí méjì sí i, a máa tún un wọ̀n. Ibi tó ń lọ ni mo fẹ́ mọ̀.” Wákàtí méjì lẹ́yìn ẹ̀, 2.4. Kí ilẹ̀ tó ṣú, 1.8.

Ibi tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ mí lára jù nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀, torí mo ti fi ọdún mọ́kànlá tẹ èsì jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé kan, nọ́ńbà kan, ó di ọwọ́ ẹni tó ni ín. Ẹni tí lactate ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 5, tó wá ń wálẹ̀ ní wákàtí mélòó kan, ọ̀nà tirẹ̀ máa ń yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 3 tó ń gòkè. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti ṣe ìtọ́jú ni nọ́ńbà ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń sọ bóyá ara ń dáhùn. Èyí tó wá ṣáájú, àárọ̀ ló ń sọ, alẹ́ ò tíì dé.

Kì í ṣe lactate nìkan ni wọ́n ń wò o. Wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní SOFA, Jean-Louis Vincent àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló gbé e jáde lọ́dún 1996. Ẹ̀yà ara mẹ́fà ni wọ́n ń gba máàkì fún, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ bó ṣe ń dì, ẹ̀dọ̀, ọkàn àti BP, ọpọlọ, kíndìnrín, òdo sí 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ẹ̀ 24. Máàkì tó bá pọ̀ níbí, aburú ló jẹ́. Ibẹ̀ ni mo wá rí i pé púpọ̀ nínú ohun tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ ló ń lọ síbẹ̀: creatinine tí mò ń ṣe ni kíndìnrín, bilirubin ni ẹ̀dọ̀, platelet ni dídì ẹ̀jẹ̀. Àyẹ̀wò yẹpẹrẹ ni mo máa ń kà wọ́n sí, torí kò sí láàbù tí kò ṣe é. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń tò wọ́n pọ̀ báyẹn. Ohun tó tún mú inú mi dùn ni pé àwọn tó dá SOFA sílẹ̀ sọ pé àwọn ò ṣe é láti fi mọ ẹni tó máa kú, àwọn ṣe é láti fi máa sọ bí aláìsàn ṣe wà lójoojúmọ́ ni. Creatinine Màmá wálẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Platelet ẹ̀ ò tíì gbéra, ó wà níbi tó wà fún ọjọ́ mẹ́rin, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ́jọ́ karùn-ún.

CRP ló tún fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ọjọ́ kejì tí lactate ti dáa, CRP lọ sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ, Bọ̀dá mi tún ti rí i nínú ìwé, ojú ẹ̀ ti yí padà. Lọ́tẹ̀ yìí mo jókòó tì í. Mo ní Bọ̀dá mi, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe CRP, tí ara bá ń gbóná nínú fún ohunkóhun, ì báà jẹ́ kòkòrò, ì báà jẹ́ iṣẹ́ abẹ, á ṣe é síta. Lọ́dún 1930 ni Tillett àti Francis kọ́kọ́ rí i ní New York, lára àwọn tí òtútù àyà mú. Àmọ́ kì í tètè dé, ó máa ń tó ọjọ́ méjì kó tó pọ̀ tán, kò sì ní wálẹ̀ tán lọ́jọ́ kan. Ó dà bí àlejò tó pẹ́ dé ìnáwó, tí wọ́n ti ń ká àga, tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jókòó. Ẹ jẹ́ ká wò ó lọ́jọ́ kẹrin. Lọ́jọ́ kẹrin ó ti wálẹ̀ tó ìdajì. Procalcitonin ni èyí tó tún tọ́ka sí kòkòrò jù ú lọ, àwọn ará Faransé ló jẹ́ kí ayé mọ̀ lọ́dún 1993 pé ó máa ń gòkè nínú sepsis, dókítà fẹ́ ṣe é fún Màmá, owó ẹ̀ ni a ò lè san mọ́ iṣẹ́ abẹ ẹsẹ̀, a sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹsẹ̀. Mo rò pé a ṣe é dáadáa. Ẹsẹ̀ tó ń jẹra, kò sí nọ́ńbà tó lè gé e.

Ọkùnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí ti Màmá. Kò tó ẹni ogójì ọdún. Ìyàwó ẹ̀ àti èmi jọ máa ń pín omi mu, ó sọ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé lactate ọkọ òun ti di 1.6, inú ẹ̀ dùn, ó ní òun máa lọ wo àwọn ọmọ nílé kóun padà wá láàárọ̀. Ilẹ̀ ò mọ́ bá ọkùnrin náà. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru, wọn ò ní sọ fún mi, kò sì kàn mí. Àmọ́ mi ò lè kọ gbogbo èyí nípa Màmá kí n wá fi tirẹ̀ pamọ́. Nọ́ńbà tó dáa náà ò mọ orúkọ.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rárá. Dókítà obìnrin yẹn, tó bá ti dé ọ̀dọ̀ Màmá, kó tó wo mọ́nítọ̀, ó máa mú ìka ìtọ́ka ọ̀tún ẹ̀, á fi gíláàsì pẹlẹbẹ kan tẹ ojú ìka náà títí á fi funfun, á kà á dé mẹ́wàá, á wá jọ̀wọ́ ẹ̀, á máa wo bó ṣe máa pẹ́ tó kí pupa tó padà. Tí kò bá ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, ó dáa. Tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ ò dé ẹnu ìka bó ṣe yẹ nìyẹn. Mo mọ gíláàsì yẹn! Òun ni a fi ń wo kòkòrò ibà lábẹ́ ẹ̀rọ, ó kún inú dúrọ́ọ̀ mi ní láàbù. Mo bi í léèrè, ó ní kí n lọ wá ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ANDROMEDA-SHOCK, mo lọ wá a. Àwọn dókítà ní orílẹ̀-èdè márùn-ún ní South America ló ṣe é, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2019, èèyàn 424 tó wà nínú septic shock. Wọ́n pín wọn sí méjì, apá kan, lactate ni wọ́n fi ń darí ìtọ́jú, wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní wákàtí méjì méjì, apá kejì, ìka ni wọ́n ń tẹ̀, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tó di ọjọ́ 28, 43 nínú 100 ló ti kú ní apá lactate, 35 nínú 100 ní apá ìka. Àwọn fúnra wọn ò sọ pé ìka ti borí, ìyàtọ̀ náà ò tó ohun tí wọ́n lè búra lé. Kí ìka tiẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ lactate tó bẹ́ẹ̀, ó tó mi.

Torí mo ń ro ọsibítù tí a ti kọ́kọ́ gbé Màmá dé. Fluoride tán, yìnyín ò sí, iná ò sí, láàbù tó ní ẹ̀rọ wà ní òdìkejì Mile 12. Ìka wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Láàárín wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi wà lójú títì, ẹnì kan lè ti tẹ ìka Màmá nígbà méje, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní méjeèje, a ò bá ti mọ ibi tó ń lọ kí èsì tó dé rárá. Mo ti lọ bá sister yẹn lẹ́yìn ẹ̀, mi ò bá a jà, kí ni mo fẹ́ bá a jà sí, òun náà ò ní iná. Mo kó páálí gíláàsì kan fún un, mo sì fi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ hàn án lórí ìka tèmi. Láàbù wa náà ti yí nǹkan kan padà, mo bẹ ọ̀gá mi títí: èyíkéyìí tí a bá ń gbé ránṣẹ́ fún lactate, tí kì í bá ṣe olórí eérú tí kò sì sí nínú yìnyín, a kì í gbà á, a máa ní kí wọ́n tún un gbà. Àwọn kan máa ń bínú. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n bínú.

Tí ẹnì kan bá sì pè mí báyìí pé ìwé rèé, ṣé ẹni àwọn máa yè é, mo kọ́kọ́ máa ń béèrè pé aago mélòó ni wọ́n gbà á, èló ni ti tẹ́lẹ̀, kí ni dókítà ṣe láàárín méjèèjì. Wọ́n máa ń rò pé mò ń yẹ ìbéèrè wọn sílẹ̀. Mi ò yẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Màmá lò. Wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ méjì, wọn ò gé ẹsẹ̀. Ó ti padà síwájú ilé ẹ̀ ní Ìgbógbó, gààrí wà níbẹ̀, ẹ̀pà wà níbẹ̀, bàtà rọ́bà fífẹ̀ ló ń wọ̀ báyìí, ọmọ ẹ̀ obìnrin sì ń yẹ ẹsẹ̀ méjèèjì wò láràárọ̀. Mo máa ń yà níbẹ̀ lọ́jọ́ Friday tí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, gíláàsì kan ò kí ń wọ́n nínú báàgì mi. Níbẹ̀rẹ̀, ó máa ń bi mí pé kí ni mò ń wá lójú ìka òun, mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín. Ní báyìí, kí n tó jókòó tán, á ti nu ọwọ́ tó fi ń bu gààrí, á na ìka ìtọ́ka ọ̀tún sí mi, “Ó yá, tẹ̀ ẹ́.” Màá tẹ̀ ẹ́, àwa méjèèjì á jọ máa kà á sókè dé mẹ́wàá, màá jọ̀wọ́ ẹ̀. Jimọ́ tó kọjá, a ò tíì ka eéjì tán tó fi padà.